Owó Ẹrù àbí Owó Ipò

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní ìdálẹ̀ ni pé mi ò rí ìdálẹ̀ kankan níbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ní ìlú kékeré kan lẹ́nu ibodè, níbi tí ilẹ̀ Kódífuà ti parí tí ti Gánà sì bẹ̀rẹ̀. Láti ìdájí ni mo ti to gbólóhùn Faransé kan sẹ́nu, èyí tí mo fẹ́ fi béèrè ọ̀nà. Obìnrin tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ kí n tó la ẹnu.

Ó ní, "Ọmọ ilé wo nìyí ní Ẹ̀jìgbò?"

Gbólóhùn Faransé náà kú sí mi lẹ́nu. Inú mi dùn pé mi ò ṣìnà, ṣùgbọ́n ó tún dùn mí díẹ̀, bí ẹni tó gbé agbòjò jáde tí òjò wá kọ̀ tí kò rọ̀. Mo sọ orúkọ ilé wa fún un. Ó ní òun mọ ìyá mi àgbà, ó sì bu omi fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọdún kejì tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà ni mò ń sọ yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, Faransé ni mo sì kọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti ń wọ ọ́fíìsì ní Ìbàdàn, èmi ní mo fẹ́ lọ gbé ọdún kan níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ìyá mi ní, "Èyí tó o fi ọdún mẹ́ta kọ́ yẹn kò tíì yó ọ ni?"

Mi ò lè sọ òtítọ́ fún un. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí mo bá gba iṣẹ́ tán, tí Faransé kan wọlé, tó bá mi sọ̀rọ̀, tí mi ò gbọ́ ńkọ́? Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn: ìtìjú tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti pàdé rẹ̀ lọ́nà, mo ti bá a gbé ẹrù rẹ̀ wálé.

Àbúrò ìyá mi obìnrin ló gbà mí sílé níbẹ̀. Ìyá Kúdí ni gbogbo ayé ń pè é, Àǹtí ni èmi ń pè é. Ìyá mi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun fẹ́ mùsùlùmí, kò sì sí ìjà kankan nínú ìyẹn nílé wa. Ẹran Iléyá àti ìrẹsì Kérésì, inú kan náà ni wọ́n ń lọ. Ọkọ rẹ̀, Bàbá Kúdí, jẹ́ ọmọ Ìsundúnrin, télọ̀ sì ni. Gánà ni àwọn méjèèjì ń gbé tẹ́lẹ̀ kí ìjọba ibẹ̀ tó ní kí àwọn àjèjì máa lọ sílé wọn. Gbogbo wa nílé la mọ ìtàn náà: Bàbá Kúdí kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá ibodè, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù ńlá sí òdìkejì. Kúdí, ọmọ wọn, wà lọ́dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ní Ìsundúnrin, ibẹ̀ ló ti ń lọ sílé ìwé.

Àǹtí ń ta abọ́ tánganran: abọ́ ìwẹ̀, abọ́ ọbẹ̀, ife, àti àwo pẹrẹsẹ tó ní òdòdó pupa láàrin. Ọjọ́ kejì tí mo dé ló fi mí sẹ́nu iṣẹ́. Oníbàárà kan dúró, mo kí i ní Faransé tí ọ̀gá wa ní yunifásítì ì bá fún ní máàkì tó pọ̀. Obìnrin náà wò mí títí, ó yíjú sí Àǹtí, ó béèrè nǹkan. Àǹtí bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Kí ló wí, Àǹtí?"

"Ó ní ṣé ara rẹ yá."

Faransé Àǹtí kò ju ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ lọ, àmọ́ kò sí ìkankan nínú ọgbọ̀n náà tí kì í ṣiṣẹ́. Á fi ìka kan ìdí abọ́ kí oníbàárà lè gbọ́ bó ṣe ń dún. Á dárúkọ iye. Bí wọ́n bá dá iye tiwọn, á gbé ọwọ́ lé àyà bí ẹni tí wọ́n ta lọ́fà. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì rà á. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èmi tó dá abọ́ ìwẹ̀ kan ṣoṣo tà, lọ́jọ́ náà, mo ń rìn lọ sílé bí ẹni tó gba oyè. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí ìyá mi nítorí rẹ̀. Mo ti mú báírò kí n tó rántí pé mo ti kọ̀wé sí i ṣáájú pé ọ́fíìsì ni mo wà, pé mò ń bá àwọn èèyàn túmọ̀ ìwé. Mo dá báírò padà.

Nígbà tó di oṣù kẹta, àárò ilé wá ń sọ mí gidi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìbàdàn tí tẹlifóònù wà, mo sì sanwó ìṣẹ́jú mẹ́ta nílé ìfìwéránṣẹ́. Mo kọ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ sórí pépà kí n má bàa gbàgbé: pé mi ò rí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, pé mò ń rẹ́rìn-ín látàárọ̀ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí, pé mo fẹ́ kí ó bi mí bóyá mo fẹ́ máa bọ̀ nílé.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi!"

"Hẹn! Káàárọ̀ o! Ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni. Ìyàwó ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ìyá Kúdí ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kí yín. Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Wọ́n ń jẹun. Bàbá Kúdí ńkọ́? Ọ́fíìsì ńkọ́? Òjò ńkọ́ lọ́hùn-ún?"

"Òjò ń rọ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́, mo fẹ́…"

Ó já. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú pépà mi lọ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Gbogbo èèyàn wa wà ní àlàáfíà, òjò náà sì wà ní àlàáfíà.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú nípa ohun tí ìdálẹ̀ jẹ́ gan-an. Kì í ṣe ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́. Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ̀ mí ní yunifásítì lọ. Ṣùgbọ́n nílé, bí mo bá ní "dáadáa ni" tí kò sì dáa, ìyá mi á gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, á wò mí, ọ̀rọ̀ á jáde. Ní ẹnu ibodè yìí, gbogbo wa là ń sọ pé dáadáa ni, a sì ń gba ara wa gbọ́. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ yìí ju tèmi nìkan lọ.

Ọjọ́ Àìkú tó bá gbẹ̀yìn oṣù ni gbogbo ọmọ agbègbè wa máa ń péjọ sí àgbàlá Alága: ará Ẹ̀jìgbò, ará Màsífà, ará Ọ̀lá, ará Ìsundúnrin. Alága, ọmọ Màsífà, ń ta táyà kẹ̀kẹ́, ohùn rẹ̀ sì lè dá ọkọ̀ dúró. Nítorí ìwé tí mo kà, wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo lọ. Ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbangba.

Ọ̀rọ̀ òrùlé ló wà nílẹ̀. Gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n ń kọ́ nílé ti dúró, páànù ló kù, wọ́n sì ní kí àwa tí a wà lẹ́nu ibodè dá tiwa. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀. Èkíní ni owó ẹrù: ẹnikẹ́ni tó bá ń tajà, kó fi nǹkan díẹ̀ lé iye ọjà kọ̀ọ̀kan, kó sì kó àlékún náà wá fún ẹgbẹ́. Èkejì ni owó ipò: kí a pín ara wa sí ipò mẹ́ta bí owó bá ṣe ń wọlé fún kálukú, kí ipò kìn-ín-ní san jù, kí ipò kẹta san díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọkùnrin wa jẹ́ télọ̀, mẹkáníìkì àti awakọ̀, wọn kì í tajà, nítorí náà owó ẹrù dùn mọ́ wọn. Àǹtí dìde.

"Ẹ̀yin bàbá wa, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, afárá tó wà níbodè yẹn, báwo ló ṣe jìn tó?"

Òun náà ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

"Kò jìn ju kéèyàn jẹ ẹ̀kọ kan tán lọ. Bí mo bá fi nǹkan lé iye abọ́ mi lónìí, àwọn oníbàárà mi á ti sọdá sí Gánà kí n tó nu eruku ìdí rẹ̀. Àwọn obìnrin òdìkejì ń ta abọ́ kan náà, wọn ò sì ní gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ kàn ní páànù."

Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé ẹ̀yin obìnrin ò fẹ́ ìlọsíwájú ìlú ni?"

"Ìlọsíwájú tó ń fà mí sẹ́yìn? Ẹ gbé e fún ìyàwó yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àǹtí kò ṣàwàdà. Àwọn abọ́ yẹn ló ń bọ́ ilé wa, àwọn ló ń rán Kúdí lọ sílé ìwé. Obìnrin tó ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti gbìyànjú láti fi díẹ̀ kún iye ọjà rẹ̀ rí; kí ọ̀sẹ̀ tó parí, òun nìkan ló ń bá ìkòkò rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Èmi náà dìde. Mo ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo ní ẹni tí èjìká rẹ̀ bá gbòòrò ni kó ru ẹrù tó wúwo. Mo ní owó ẹrù kì í wo ojú ẹni, owó ipò ló mọ̀ pé ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní kì í ṣe ọgbà. Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Mo jókòó tayọ̀tayọ̀.

Alága ní, "Ọmọ Yunifásítì ti sọ̀rọ̀, ó dáa. Kó lọ láti ilé dé ilé, kó kọ ipò kálukú sílẹ̀. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, a ó dìbò. Bí owó ipò bá wọlé, a ó ka orúkọ gbogbo wa ní ipòòpò sínú kásẹ́ẹ̀tì, a ó fi rán awakọ̀ lọ sílé, kí wọ́n gbé e sí gbangba. Kí ìlú mọ ẹni tó ṣe kí ni!"

Gbogbo wa tún pàtẹ́wọ́. Kí lohun àjèjì níbẹ̀? Ọmọ agbègbè wa kì í dá owó ìlú kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi wà, mi ò sì rí i.

Ọ̀dọ̀ Múfú ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọmọ Ọ̀lá ni, ọmọlanke ló ń tì lọ́jà. Mo bá a níbi tó ti ń lẹ táyà ọmọlanke náà, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kì í ṣe ẹgbẹ́ ti òsì.

"Bùrọ̀dá Múfú, ipò wo ni kí n kọ?"

"Ipò kìn-ín-ní."

Mo rò pé kò yé e. "Bùrọ̀dá, ipò kìn-ín-ní ni yóò san owó jù o."

"Ta ló ní mi ò mọ̀? Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìyá ìyàwó mi á gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì yẹn."

Mẹkáníìkì kan tó jẹ́ pé sípánà méjì péré ló ní, ipò kìn-ín-ní. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà ẹlòmíràn, ipò kìn-ín-ní, ó sì ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà. Nígbà tí mo parí àdúgbò méjì, bí ìwé mi bá jẹ́ òtítọ́, à bá kan páànù mọ́ gbogbo Ẹ̀jìgbò ká tún ṣẹ́kù fún Ògbómọ̀ṣọ́. Mi ò sì yàtọ̀ sí wọn. Nígbà tí mo dé orí orúkọ tèmi, mo kọ ipò kejì. Kọ́bọ̀ kò wọlé fún mi, ṣùgbọ́n mo rò pé ìwé ẹ̀rí mi yẹ kó tó ipò kejì.

Ojú ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ẹni tó ti pe ara rẹ̀ ní olówó kò ní fẹ́ san owó bí olówó. Bí ọjọ́ ìbò bá dé, wọn á rọ́ lọ síbi owó ẹrù, kí ipò má sí, kí kásẹ́ẹ̀tì má lọ, kí àṣírí bò. Ọjà Àǹtí ni yóò kú nítorí rẹ̀, èmi tí mo sọ̀rọ̀ dáadáa ni mo sì pa á.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kúdí ló kù. Mi ò dé ibẹ̀ rí. Àǹtí ti sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ pé, "Má lọ dí wọn lọ́wọ́ o," mo sì rò pé nítorí iṣẹ́ tó pọ̀ ni. Lóòótọ́, ṣọ́ọ̀bù náà tóbi. Ẹ̀rọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan tí kò lè ju mí lọ púpọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi orín họ eyín.

Ó kígbe sínú pé, "Bàbá, kọ́là yẹn ńkọ́? Ẹ ṣe kíá, aláṣọ ń bọ̀!"

Ohùn Bàbá Kúdí ló dáhùn láti orí ẹ̀rọ tó wà ní igun. "Ó ti ń parí, patírọ́ọ̀nù." Bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá níbẹ̀ nìyẹn.

Ó gbé ojú sókè, ó rí mi. Kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó rán kọ́là náà tán, ó fi eyín gé òwú, ó gbọn aṣọ náà, ó ká a, lẹ́yìn náà ló jáde bá mi. Ojú tì mí débi pé mo ń wo bàtà rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìtìjú tèmi ni àbí tirẹ̀ ni mò ń bá a gbé. A rìn dé abẹ́ igi kan ká tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Gánà ni àwọn ẹ̀rọ mi wà títí di òní. Ọjọ́ tí a ń bọ̀, mo gbé ẹyọ kan rù. Agbára mi ò gbé e dé afárá. Inú koríko ni mo gbé e kalẹ̀ sí, mo sì ń wẹ̀yìn wò ó títí tí mi ò fi rí i mọ́. Lẹ́tà tí mo kọ sílé lọ́sẹ̀ yẹn, mo ní mo kó gbogbo rẹ̀ jáde. Mo rò pé kí oṣù mẹ́ta tó pé, á ti di òtítọ́."

"Ṣé nítorí ẹ̀ lẹ ò ṣe lọ sílé láti ọdún márùn-ún?"

"Bàbá mi ti sọ fún gbogbo Ìsundúnrin pé mo ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí n kọ́kọ́ ní in." Ó wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi. "Kọ mí sí ibi tó bá wù ọ́."

Mi ò kọ nǹkan kan. Mo fi àyè sílẹ̀ níwájú orúkọ rẹ̀.

Àǹtí ń fọ abọ́ nígbà tí mo wọlé. Kò wo ojú mi kó tó mọ̀.

Ó ní, "O dé ibẹ̀."

"Mo dé ibẹ̀, Àǹtí. Ẹ máà bínú."

"Kí ni n ó bínú sí?" Ó da omi abọ́ nù. "Bí owó ẹrù bá wọlé, ọjà mi parí. Bí owó ipò bá wọlé, kásẹ́ẹ̀tì á lọ, ọkọ mi ò sì ní lè gbójú sókè mọ́. Ìwọ tó o kàwé, èwo ni kí n bẹ Ọlọ́run fún?"

Mo ní, "Mo lè yọ ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ìwé."

"Kí àwọn èèyàn wa dá owó kí wọ́n má pe orúkọ? Wọn á ní kí lo fẹ́ fi pamọ́. Fi í sílẹ̀, ìyá mi. Wá bá mi nu ife."

Mo bá a nu ife. Mo fẹ́ sọ nǹkan tó dáa, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó wá sí mi lọ́kàn jọ ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìdánwò.

Lọ́jọ́ ìbò, Alága ní kí ẹni tó bá fẹ́ owó ẹrù tò sí apá ògiri, kí ẹni tó bá fẹ́ owó ipò tò sí apá àgbá omi. Òun àti èmi ò ní dìbò. Àwọn obìnrin lọ sí ìdí àgbá. Àwọn ọkùnrin lọ sí ìdí ògiri, Múfú ló síwájú wọn. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ wo ojú ìyàwó wọn, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì rọra bọ́ sí ìdí àgbá. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Mo ní, "Alága, wọ́n dọ́gba. Mẹ́tàlélógún, mẹ́tàlélógún."

"Kò ṣeé ṣe. Ta ló kù?"

Bàbá Kúdí ló kù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán ni, omi àlùwàlá ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó dúró sí àárín méjì, gbogbo àgbàlá sì ń wò ó. Àǹtí nìkan ni kò wò ó. Ó ń wo inú àgbá omi bí ẹni tí nǹkan já sínú rẹ̀.

Àwọn tó wà ní ìdí ògiri ń pè é. "Patírọ́ọ̀nù télọ̀, ẹ máa bọ̀ níbí! Ẹ̀yin tí ẹ kì í tajà!"

Àwọn obìnrin náà ò dákẹ́. "Bàbá Kúdí, ilé lẹ ti máa jẹun o!"

Ó rìn lọ síbi àgbá. Kò yára, kò sì fà. Àwọn obìnrin hó yèè.

Múfú kígbe pé, "Èèyàn ńlá kì í bẹ̀rù owó! Akọ̀wé, fi wọ́n síwájú ní ipò kìn-ín-ní!"

Bàbá Kúdí yíjú sí tábìlì mi. "Ipò kẹta ni kó o kọ mí sí."

Alága rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fi wá ṣeré, oníṣọ́ọ̀bù."

"Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù. Láti ìgbà tí mo ti dé láti Gánà, ẹ̀rọ ẹlòmíràn ni mo fi ń ránṣọ. Èmi Ráájí, ọmọ Ìsundúnrin, ipò kẹta. Kọ ọ́, ọmọ mi."

Mo kọ ọ́. Àǹtí ti gbójú kúrò nínú àgbá, ó wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án, ó kàn dúró. Mo rò pé ẹnì kan á sọ̀rọ̀ àbùkù, mo sì ti múra láti bínú. Múfú ló kúrò ní ìdí ògiri, ó ń fi bàtà rẹ̀ méjèèjì tí kò jọra wọ́lẹ̀ wá bá mi.

Ó rọra ní, "Akọ̀wé, ojú ìwé ipò kẹta yẹn, ṣé àyè ṣì wà?"

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé ọjà. Wọ́n rọ́ bo tábìlì mi. Mẹkáníìkì onísípánà méjì ń fi ìgúnpá ti ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọgbà. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibí!" "Irọ́ ni, mo tálákà jù ọ́ lọ!" Alága ní kí wọ́n má fọ́ tábìlì òun, pé tòun gan-an, ipò kejì ni, kí ẹnikẹ́ni má bi òun léèrè. Mo fagi lé ipò kejì tó wà níwájú orúkọ tèmi, mo kọ ipò kẹta. Ara mi fúyẹ́ lójijì. Bóyá bó ṣe máa ń rí nìyẹn téèyàn bá sọ ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀ kalẹ̀. Owó ipò wọlé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kù ní ipò kìn-ín-ní mọ́. Òrùlé gbọ̀ngàn náà pẹ́ kó tó dé.

Èmi ni mo ka orúkọ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bàbá Kúdí jókòó tì mí. Nígbà tí mo dé orí tirẹ̀, mo kà á wúyẹ́wúyẹ́.

Ó ní, "Tún un kà. Ohùn rẹ ò jáde."

Mo tún un kà.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì kí awakọ̀ tó gbé èsì dé. Ní gbogbo ìgbà yẹn, àwọn oníbàárà kò sọdá afárá, Àǹtí ń ta abọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ kò jẹun yó. Bí mọ́tò kan bá fọn fèrè, á dá ẹsẹ̀ dúró. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Bàbá Kúdí yà sọ́dọ̀ wa láti mọ́ṣáláṣí, awakọ̀ wá bá wa nídìí abọ́ lọ́jà, ó na kásẹ́ẹ̀tì sí i. Bàbá Kúdí kò dúró dìgbà tí a máa délé. Ó ní kí n yá rẹ́kọ́dà lọ́wọ́ alágbàfọ̀ tó wà ní iwájú wa.

Ohùn àgbàlagbà ló jáde, bàbá rẹ̀ ni. Ó kí wa, ó kí àwọn tó jókòó tì wá, ó kí ọjà, ó kí ọ̀nà. Ó sọ bí iṣu ṣe rí lọ́dún náà. Bàbá Kúdí ti di ọwọ́ mọ́ orúnkún.

"Ráájí. Wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì yín síta, gbogbo wa jókòó. Wọ́n ka ipò kejì, a ò gbọ́ orúkọ rẹ. Wọ́n ka ipò kẹta, a gbọ́ ọ. Ráájí, mo dìde, mo jó. Ìyá rẹ ní kí ló dé, mo ní ọmọ wa kò bínú sí wa. Ọdún márùn-ún ni a fi rò pé owó ti jẹ́ kó o kọ̀ wá sílẹ̀. Pé o ní ṣọ́ọ̀bù, o ní ẹ̀rọ mẹ́rin, o ò sì fẹ́ rí wa. A ti ń bi ara wa pé kí la ṣe fún un. Àṣé kò ní. Àṣé nítorí pé kò ní ni! Ráájí, ẹni ipò kẹta kì í wọ mọ́tò ni?"

Ohùn náà dákẹ́, ẹnì kan wúkọ́, lẹ́yìn ìyẹn kò sí nǹkan mọ́.

Bàbá Kúdí ní, "Dá a padà sẹ́yìn."

Mo dá a padà. A gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Alágbàfọ̀ ti fi irin sílẹ̀ lórí iná, kò sì béèrè rẹ́kọ́dà rẹ̀. Lẹ́yìn ti ẹ̀ẹ̀kẹta, Bàbá Kúdí dìde, ó fi apá aṣọ nu ojú, ó tẹ̀ síwájú àtẹ ìyàwó rẹ̀, ó ń gbé abọ́ ọbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yẹ̀ wọ́n wò bí oníbàárà.

"Ìyá Kúdí, èwo nínú ìwọ̀nyí ni kò ní fọ́ kí n tó dé Ìsundúnrin?"

Àǹtí fi ìka kan ìdí èyí tó tóbi jù. Ó dún. Ó dárúkọ iye, iye tó ń pè fún oníbàárà gbogbo, ó sì gbé ọwọ́ lé àyà kí ọkọ rẹ̀ tó dá tirẹ̀.